Addis Ababa, Kigali tàbí Istanbul: Èwo Ni Kí Ẹ̀yin àti Ọ̀rẹ́ Yín Yà Wò Láàárín Ọkọ̀ Òfurufú Méjì?

Bí wọ́n bá bi ará Ìkòròdú pé báwo ni pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ṣe jìnnà sí ilé rẹ̀ tó, kì í fi iye kìlómítà dáhùn. Yóò kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rìn, aago tí ẹ fẹ́ jáde, àti bóyá òjò ti rọ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà, láti Gáréèjì títí dé Mile 12, Ọjọ́ta àti Maryland, tí ọkọ̀ fi wákàtí kan já ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, lè gba wákàtí mẹ́ta gbáko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọgbọ́n yìí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti fi tipátipá kọ́ wa, ni mo rí pé ó wúlò jù lọ fún ẹni tó fẹ́ lo ìdúró ọ̀nà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tíránsíìtì, láti fi wo ìlú onílùú kí ọkọ̀ òfurufú kejì tó gbéra. Ìlú tó yẹ kí ẹ yàn ni èyí tí wákàtí tó nítumọ̀ yóò ṣẹ́kù fún yín nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n àti ojú ọ̀nà bá ti gba tiwọn, ì báà jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ kò tó ti òmíràn.

Àwa mẹ́rin ni a jọ máa ń rìn. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ní Ìkòròdú ni gbogbo wa lọ. Ọ̀kan nínú wa di olùkọ́ ìtàn. Ọ̀kan ń ta aṣọ ní ọjà Sábó, òun ni a ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọ̀kan sì ti pẹ́ ní London débi pé ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé báyìí. Èmi ni ẹni kẹrin, ọwọ́ mi ni wọ́n sì máa ń fi ìṣirò àkókò sí. Láàárín ọdún mélòó kan, a ti yà wo Addis Ababa ní Etiópíà, Kigali ní Rùwáńdà, àti Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ọkọ̀ òfurufú ń ti Èkó lọ sí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti Ethiopian Airlines ń lò tó wákàtí márùn-ún kó tó dé Addis Ababa, ti RwandAir ń lò tó wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ dé Kigali, ti Turkish Airlines sì ń lò tó wákàtí méje dé Istanbul. Mo fi wọ́n wé ara wọn níhìn-ín nítorí pé àwọn ni mo mọ̀ dáadáa, wọ́n sì yàtọ̀ síra débi pé ẹni tó bá rí bí wọ́n ṣe yàtọ̀ yóò lè fi ojú kan náà díwọ̀n ìlú mìíràn.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ẹ bá ń rìn ní ẹgbẹ́, ìwé ìrìnnà tí agbára rẹ̀ kéré jù láàárín yín ni ìwé ìrìnnà gbogbo yín. Ohun tí àwa kò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Níbi ọ̀rọ̀ físà, Kigali ta àwọn méjì yòókù yọ fún ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Ààrẹ Paul Kagame kéde pé gbogbo ọmọ Áfíríkà lè wọ Rùwáńdà láìgba físà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, òṣìṣẹ́ wo ìwé wa, ó béèrè ibi tí a ń lọ, ó lu òǹtẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì kí wa káàbọ̀. Ọ̀rẹ́ wa olùkọ́ dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìbéèrè kejì, nítorí pé kò tíì sí ibòmíràn tí wọ́n ti gba ìwé aláwọ̀ ewé wa bẹ́ẹ̀ láìsí àlàyé gígùn.

Etiópíà ní ojú òpó tí ìjọba fi ń fúnni ní físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì dára kí ẹ ti parí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ìdúró yín bá wà láàárín wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún, tí kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó yá ju ìyẹn lọ tí ẹ lè bá lọ, Ethiopian Airlines a máa fún arìnrìn-àjò ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ tí yóò sì gbé e padà. Kì í ṣe gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ló ní àǹfààní yìí nínú, nítorí náà kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i pé ó wà ní kíkọ sílẹ̀.

Istanbul ni ibi tí ìwé ìrìnnà ti pín wa sí méjì. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ ilẹ̀ Tọ́kì láìgba físà, ṣùgbọ́n àwa tó gbé ìwé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á. Nígbà àkọ́kọ́ tí a gba ibẹ̀ kọjá, a rò pé wákàtí mẹ́sàn-án kéré débi tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ jáde lọ wo mọ́ṣáláṣí kí ó sì padà. Ẹ̀bi wa ni, a kò béèrè. Ọ̀rẹ́ wa ti London nìkan ló lè jáde, kò sì jáde. Ó jókòó tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú, a ń wo ìlú náà láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń wo oúnjẹ nínú gíláàsì. Nígbà kejì, físà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú ìwé wa kí a tó kúrò ní Ìkòròdú. Òfin físà ń yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà ni kí ẹ ti gba ìdáhùn, kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ èmi tàbí ti ẹnikẹ́ni tó lọ lọ́dún tó kọjá ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe ń ṣírò wákàtí

Mo máa ń kọ́kọ́ yọ wákàtí kan àti ààbọ̀ kúrò fún bíbọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, títò níwájú ìmígíréṣọ̀n àti ṣíṣẹ́ owó. Mo tún máa ń yọ wákàtí méjì àti ààbọ̀ fún pípadà dé kí ọkọ̀ kejì tó gbéra. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yọ ti ọ̀nà, àlọ àti àbọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdúró wákàtí mẹ́jọ wò ó. Pápákọ̀ Bole wà nínú ìlú Addis Ababa gan-an. Bí ọ̀nà bá dá, ogún ìṣẹ́jú ti tó láti dé Gbàgede Meskel. Ti Kigali wà ní Kanombe, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sí àárín ìlú, ọkọ̀ kì í sì í sábà lò ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Nítorí náà, ní ìlú méjèèjì yìí, ó kéré tán, wákàtí mẹ́ta ni yóò kù fún yín. Pápákọ̀ tuntun ti Istanbul, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018, tí ọkọ̀ arìnrìn-àjò sì kó lọ síbẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, jìnnà tó ogójì kìlómítà sí Sultanahmet níbi tí àwọn ohun àtijọ́ pọ̀ sí. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní M11 ń lọ láti pápákọ̀ dé Gayrettepe, ẹ ó sì tún wọ òmíràn níbẹ̀. Ọkọ̀ orí títì lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ó ń há bí ìgbà tí èèyàn wà ní Ketu tí àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé sì kún ojú títì. Bí mo bá yọ wákàtí kan àti ààbọ̀ fún àlọ, tí mo sì yọ iye kan náà fún àbọ̀, wákàtí kan péré ni yóò kù fún yín ní Istanbul nínú mẹ́jọ. Ẹ má jáde fún wákàtí kan.

Kí ẹ sì rántí pé aago Kigali fi wákàtí kan ṣíwájú ti Èkó, tí Addis Ababa àti Istanbul sì fi wákàtí méjì ṣíwájú rẹ̀. Àkókò ìlú tí ẹ wà ni wọ́n máa ń kọ sórí káàdì ìwọkọ̀.

Addis Ababa: ìtàn, kọfí, àti aago tó yàtọ̀

Bí olùkọ́ ìtàn bá wà láàárín yín, ẹ ti yan ìlú tán. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wọn ni ẹ ó ti rí Lucy, tí àwọn ará Etiópíà ń pè ní Dinkinesh, egungun ẹ̀dá tó ti wà láyé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ó lé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá [200,000], tí wọ́n hú jáde ní Hadar ní agbègbè Afar ní ọdún 1974. Àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò. Ó kúrú ju bí a ti rò lọ, Ìyá Ìbejì sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú òun àti tirẹ̀ lè ṣe déédéé. Kò jìnnà síbẹ̀ tí ẹ ó fi dé kàtídírà Mẹ́talọ́kan Mímọ́ níbi tí wọ́n sin Ọba Haile Selassie sí ní ọdún 2000, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní àdúgbò Piassa, wọ́n ṣí ilé ìrántí Ìṣẹ́gun Adwa ní oṣù Kejì ọdún 2024, èyí tó ń sọ ìtàn ogun ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1896, nígbà tí Ọba Menelik Kejì àti Ayaba Taytu kó ogun jọ tí wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ítálì. Ìlú yìí kan náà ni àwọn olórí Áfíríkà ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1963, tí Olóòtú Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, sì wà lára wọn. Bí wákàtí yín bá jẹ́ mẹ́ta péré, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti kàtídírà ti tó. Adwa nìkan lè gba wákàtí méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á dáadáa.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ fò ni kọfí wọn. Obìnrin tó se é fún wa jókòó sórí àpótí kékeré, ó fọ́n koríko tútù sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ó da èso kọfí tútù sínú agbada pẹlẹbẹ lórí iná èédú, ó sì ń rò ó títí ó fi dúdú. Nígbà tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó dìde, ó gbé agbada náà wá síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kí a fi ọwọ́ fẹ́ òórùn rẹ̀ sí imú. Lẹ́yìn náà ló gún un, ó sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní jebena, ó sì dà á láti òkè sínú àwọn ife kéékèèké tí kò létí láìta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bu kọfí yìí: abol ni àkọ́kọ́, tona ni èkejì, ẹ̀kẹta sì ń jẹ́ baraka. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, ó pariwo pé, “Àlùbáríkà nìyẹn!” Orísun ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, èdè Lárúbáwá ni. Ẹni tó bá dìde kí ife kẹta tó dé ti fi ìbùkún sílẹ̀, nítorí náà kí ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un, tàbí kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo òmíràn lọ. Àwọn ará Etiópíà ń ka aago láti ìgbà tí oòrùn bá yọ, bẹ́ẹ̀ ni aago méje òwúrọ̀ tiwa jẹ́ aago kan tiwọn, aago mẹ́sàn-án tiwa sì jẹ́ aago mẹ́ta. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, a sọ fún awakọ̀ wa pé kó padà wá gbé wa ní aago mẹ́ta. Ó gbà, ó sì lọ. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá tí a kò rí i, olùkọ́ ló rántí: aago mẹ́ta tí ọkùnrin náà gbọ́ ni aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọlọ́run ló ní kí takisí mìíràn wà nítòsí. Láti ọjọ́ náà, a kì í pe aago fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. A máa ń sọ pé lẹ́yìn wákàtí méjì, a ó sì na fóònù sí i kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Kigali: ìlú tí kò ní já yín kulẹ̀

Kigali kò ní ilé àtijọ́ bíi ti Istanbul, kò sì ní ìtàn ọba bíi ti Addis Ababa. Ohun tó ní ni ètò, ètò sì ni ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré nílò jù. Òpópónà mọ́, takisí wà, ìlú náà kò tóbi, àwọn òkè rẹ̀ sì jẹ́ kí ẹ máa rí ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀kadà wọn ń gbé ẹnì kan ṣoṣo, ó sì ní akoto fún èrò gẹ́gẹ́ bí ó ti ní fún awakọ̀. Ẹni tó ti rí bí ọlọ́kadà ṣe ń kó èèyàn méjì pẹ̀lú ẹrù láti Sábó lọ sí Ìgbógbò yóò mọ ìyàtọ̀. Fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, takisí kan dára ju ọ̀kadà mẹ́rin lọ, nítorí pé ọ̀kadà a máa pín ẹgbẹ́.

Nǹkan méjì ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Láti ọdún 2008 ni Rùwáńdà ti fòfin de àpò ọ̀rá. Ìyá Ìbejì ti fi ọ̀rá dúdú di gàrí àti ẹ̀gúsí tó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fi sùúrù ní kó tú wọn, ó gba ọ̀rá, ó sì dá oúnjẹ padà fún un, a sì fi ìborùn rẹ̀ di gàrí títí a fi padà sínú ọkọ̀. Kí ẹ lo àpò aṣọ láti ilé. Èkejì ni ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù. Umuganda ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ náà láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀: gbogbo àdúgbò a jáde ṣe iṣẹ́ ìlú, ṣọ́ọ̀bù a tì, ojú títì a sì dá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ ọjọ́ ìmọ́tótó ní ìpínlẹ̀ Èkó nígbà kan. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ náà bá jẹ́ àkókò yín, ẹ fi jíjáde sí ọ̀sán.

Ilé Ìrántí Ìpẹ̀yàrun ní Gisozi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2004, ni ibi tí àlejò Kigali kì í fẹ́ fò. Ó ju 250,000 èèyàn lọ tí wọ́n sin síbẹ̀ nínú àwọn ẹ̀yà Tutsi tí wọ́n pa ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1994. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Mo gbà yín níyànjú láti lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí pé kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Yàrá kan wà tí wọ́n fi àwòrán àwọn ọmọdé kọ́ sára ògiri, tí wọ́n sì kọ oúnjẹ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn àti eré tó máa ń ṣe sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ìyá Ìbejì kò lè kọjá ibẹ̀. A jókòó tì í nínú ọgbà fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu ba ọjà mọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, ọjà Kimironko tàbí àdúgbò Nyamirambo ni kí ẹ gbà lọ.

Istanbul: ó tóbi ju ìdúró kékeré lọ

Bí ìdúró yín bá tó wákàtí méjìlá, tí físà sì wà lọ́wọ́ gbogbo yín, ìlú wọ̀nyí kò jọra mọ́. Hagia Sophia ti wà láti ọdún 537 nígbà ayé Ọba Justinian. Ó di mọ́ṣáláṣí ní ọdún 1453, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní nǹkan bí ọdún 1935, ó sì padà di mọ́ṣáláṣí ní ọdún 2020. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, àlejò láti òkè òkun ń san yúrò 25 láti gun òkè rẹ̀ lọ wò ó. Mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed, onímínárẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, wà ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, bí kò bá ti jẹ́ àkókò ìrun. Ààfin Topkapı máa ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjà ńlá alórùlé sì máa ń tì ní ọjọ́ Àìkú.

Turkish Airlines ní ètò kan tó ń jẹ́ Touristanbul fún àwọn arìnrìn-àjò rẹ̀ tí ìdúró wọn wà láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún. Ọ̀fẹ́ ni: ọkọ̀, afinimọ̀nà àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀, wákàtí tí wọ́n ń gbéra sì ti wà ní yíyàn. Fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi yóò sọ pé kó bá wọn lọ, nítorí pé àwọn ló ń ru ẹrù àkókò, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ kò lè dúró pẹ́ níbi tí ọkàn yín bá fẹ́.

Ibi tí ọkàn tèmi fẹ́ ni orí omi. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Eminönü lọ sí Üsküdar, a kúrò ní Yúróòpù, a sì gúnlẹ̀ sí Éṣíà láàárín bí ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin kan ń gbé tíì kiri nínú ife gíláàsì oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ẹyẹ etí òkun ń fò tẹ̀lé wa, àwọn ọmọdé sì ń ju simit, búrẹ́dì roboto onísẹsámù, sí wọn. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jẹ́ èèyàn tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n fi orí ti fèrèsé, wọ́n ń sùn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń sùn nínú ọkọ̀ láti Falomo bọ̀ ní Ẹ̀bùtè Ìpakòdò. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní Istanbul, èyí ló mú kí n mọ̀ pé ìlú alààyè ni mo wà.

Ọjà, oúnjẹ àti òtútù

Lórí ọ̀rọ̀ ọjà, Ìyá Ìbejì ni adájọ́ wa. Ó ní Kimironko ní Kigali ló dára jù fún ẹni tí kò ní àkókò: aṣọ àǹkárá, tí wọ́n ń pè ní kitenge, pọ̀ níbẹ̀, àwọn aránṣọ sì jókòó tì í. Merkato ní Addis Ababa gbòòrò jù fún ìdúró ọ̀nà, ó sì ń fẹ́ ojú tó là sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ lọ sí Shiro Meda, lójú ọ̀nà òkè Entoto, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òwú funfun onígbátí aláràbarà. Ọjà alórùlé ti Istanbul, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, dára láti wò, ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà rẹ̀ a máa jẹ àkókò. Kí ẹ rántí pé báàgì ọwọ́ ni ohunkóhun tí ẹ bá rà yóò wọ̀, nítorí pé ẹrù ńlá yín ti lọ ṣíwájú. Oyin, òróró tàbí lọ́fínńdà tó bá ju mílílítà 100 lọ kò ní kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò.

Ní Addis Ababa, injera ni wọ́n ń jẹ, ó fẹjú, ó sì kan díẹ̀, teff ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n a tẹ́ ẹ sínú àwo kan ṣoṣo, gbogbo ọ̀rẹ́ a sì fi ọwọ́ bù ú pọ̀. Èyí nìkan tó láti mú kí èèyàn fẹ́ràn ibẹ̀. Ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ń gbààwẹ̀ ẹran, nítorí náà ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà wọn pọ̀ ju ẹran lọ. Ní Kigali, ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n gún lọ́pá bíi sùyà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun dùn gan-an, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, ó tó wákàtí kan lọ́dọ̀ tiwa. Kí ẹ pàṣẹ rẹ̀ bí ẹ bá ti ń jókòó. Ní Istanbul, búrẹ́dì oníẹja létí omi ní Eminönü ni oúnjẹ ẹni tó ń kánjú.

Addis Ababa ga ju ìpele òkun lọ tó nǹkan bíi 2,300 mítà, nítorí náà òtútù ń mú níbẹ̀ ní alẹ́, èémí sì lè kúrú fún ẹni tó bá yára gun àtẹ̀gùn. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ gan-an láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Yìnyín lè bọ́ ní Istanbul láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Kigali nìkan ni ìborùn fẹ́lẹ́ ti tó. Káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kò gbọdọ̀ kúrò lápò yín níbikíbi.

Bí òru ni ìdúró yín bọ́ sí, ìdíwọ̀n náà yí padà: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò ti tì, Kigali yóò ti dákẹ́, ṣùgbọ́n òpópónà İstiklal ní Istanbul kì í tètè sùn, Addis Ababa sì ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jó eskista, ijó tí èjìká ń jó jù lọ. Ní ti Doha, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi, pápákọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ìlú, ọkọ̀ ojú irin sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà nílò físà, oòrùn oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ a sì máa ju ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ ní ọ̀sán.

Nítorí náà, ìdúró wákàtí méje sí mẹ́sàn-án, Kigali ni mo máa ń yàn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá, Addis Ababa ni. Istanbul di tèmi bí ó bá ti tó méjìlá, tí físà sì pé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó rẹ̀ fún wa ní wákàtí mẹ́tàlá ní Addis Ababa, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan. Olùkọ́ ti gba wákàtí méjì fún ilé ìrántí Adwa, ọ̀rẹ́ wa ti London sì fẹ́ gun òkè Entoto. Ìyá Ìbejì ni yóò di aago mú lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti sọ fún gbogbo wa pé òun kò ní dìde nídìí kọfí kí ife baraka tó dé.